Mùsíọ́mù ọkọ̀ òkun ní Liverpool ń tilẹ̀kùn: ṣé kí n kó àwọn ọmọ lọ?

ÌyáÌbejì_Salford (3 Oṣù Kejìlá 2024)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo gbọ́ níbi iṣẹ́ pé mùsíọ́mù ìtàn ọkọ̀ òkun tó wà ní Royal Albert Dock ní Liverpool, pẹ̀lú mùsíọ́mù òwò ẹrú tó wà nínú ilé kan náà, máa tilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní tó ń bọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ máa di 2028 kó tó parí. Láti ìgbà tí a ti ń gbé Salford, mi ò débẹ̀ rí. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́tàlá, àbúrò wọn ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Tó bá fi máa di 2028, ta ni nínú àwọn ìbejì ló tún máa gbà láti bá ìyá rẹ̀ jáde?

Ọkọ mi ní òun ò rí ìdí tí gbogbo wa á fi wà nílé ní Sátidé kan ṣoṣo lóṣù, ká tún lọ fi wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Trafford Centre, ilé ìtajà ńlá yẹn, ló ń pè mí lọ. Èmi fẹ́ kí wọ́n rí i, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí ohun tó bá wò lọ́sàn-án ló máa ń lá lóru. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, kí lẹ rí níbẹ̀? Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé wọ́n ń gbowó ìwọlé?

Káyọ̀dé_Birkenhead (5 Oṣù Kejìlá)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Manchester sí Lime Street, kò tó wákàtí kan. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sápá odò, bí ogún ìṣẹ́jú. Bí àwọn ọmọ bá ń ṣọ̀lẹ, ẹ wọ Merseyrail dé James Street. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ní Sátidé yìí o, wọ́n ti kéde ìjì Darragh. Atẹ́gùn etí odò Mersey lọ́jọ́ lásán gan-an máa ń fa agbọ̀rùn ya mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Kóòtù tó ní fìlà lẹ́yìn ni kí ẹ wọ̀ fún wọn.

Ẹ má tíì wọlé o, ẹ kọ́kọ́ wo ilé náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu mi. Ní 1846 ni Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, wá ṣí ibẹ̀. Jesse Hartley, ẹnjiníà àwọn dọ́ọ̀kì Liverpool, ló kọ́ ọ, igi kò sì sí nínú ohun tó gbé ilé náà ró rárá: bíríkì, òkúta àti irin ni gbogbo rẹ̀. Ìdí ni pé iná máa ń jó àwọn ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tòun ti òwú, ọtí àti tábà tó wà nínú wọn. Ní 1848 wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́rù sókè tó ń fi agbára omi ṣiṣẹ́ sí i, nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń fi ọwọ́ fa okùn. Ẹ gbọ́wọ́ lé àwọn òpó irin pupa tó wà létí omi yẹn, ẹ ó rí i pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè fi apá yí ọ̀kan ká. Síbẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ tí ọkọ̀ fi tóbi ju ẹnu ọ̀nà dọ́ọ̀kì náà lọ. Nígbà tó di 1972 wọ́n tì í pa, ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí wọ́n wó o. Mùsíọ́mù yìí wà lára ohun tó gbà á là ní àwọn ọdún 1980.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níta gbangba, ẹ ó rí irin ńlá kan tó ní apá mẹ́rin bí abẹ̀bẹ̀. Ara ọkọ̀ Lusitania ni, èyí tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì yìn ní ọta létí Ireland ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1915. Ìṣẹ́jú 18 péré ló fi rì, àwọn tó kú sì sún mọ́ 1,200. Púpọ̀ nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ àdúgbò etí dọ́ọ̀kì yìí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn, ẹ mú un lọ sí àjà ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kó nǹkan tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lọ́wọ́ àwọn oní-fàyàwọ́ sí, àti ibi tí wọ́n máa ń tọ́jú ẹrù náà pamọ́ sí. Ọmọ tèmi kọ̀ láti kúrò níbẹ̀. Mo ní kí ló dé, ó ní òun ń kọ́ iṣẹ́.

Adùnní_L8 (5 Oṣù Kejìlá)

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ẹ ò ní pa wá lẹ́rìn-ín kú.

Ìyá Ìbejì, àjà kẹta ni mùsíọ́mù òwò ẹrú wà. Ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2007 ni wọ́n ṣí i, ọdún tó pé igba ọdún tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà. Wọn kò ṣèèṣì mú ọjọ́ yẹn: ìrántí òru tí àwọn ẹrú Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí, dìde ogun ní 1791 ni. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe tò ó. Ilé àti ìgbé ayé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lẹ ó kọ́kọ́ bá, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀wọ̀n. Wọ́n kọ́ agboolé àwọn Ìgbò kan síbẹ̀. Ọmọbìnrin mi bi mí pé agboolé tiwa ńkọ́, mo ní kó máa bá wọn yọ̀ ná.

Yàrá kan wà tí fíìmù rẹ̀ yí ènìyàn ká, tó ń fi bí inú ọkọ̀ ẹrú ṣe rí hàn. Ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn ìbejì lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá wọn wọlé, kí ẹ má dúró síta máa tẹ fóònù. Àwòrán ọkọ̀ Brookes náà ń bẹ. Liverpool níbí ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà. Ní 1788 ni àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú tẹ àwòrán rẹ̀ jáde: ènìyàn rẹpẹtẹ tí wọ́n tò bí ẹja sádìínì, tí ẹlòmíràn kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹ sì mọ̀ pé ènìyàn 454 ni òfin gbà wọ́n láyè láti kó. Ṣáájú òfin náà, ọkọ̀ yìí kan náà ti kó ju 600 lọ nínú ìrìn àjò kan.

ỌmọÀgbádárìgì (6 Oṣù Kejìlá)

Èmi ò lè fi ẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀. Láti Àgbádárìgì wa ni wọ́n ti kó àwọn bàbá wa lọ sí Liverpool yẹn, ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n fi po símẹ́ńtì ìlú náà. Lónìí wọ́n wá kọ́ mùsíọ́mù, wọ́n gbé ilé kọfí sí abẹ́ rẹ̀, ẹ sì ń kó ọmọ yín lọ kí wọ́n lọ ṣe fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìtàn, kó wá sí Àgbádárìgì. Kó wá sí ọjà Vlekete, kó wá wo ilé Sẹ̀ríkí Abass, kó wọ ọkọ̀ kọjá sí Gbẹ́rẹ̀fú, níbi tí ẹni tó bá ti dé kì í padà mọ́. A ò nílò kí òyìnbó máa sọ ìtàn wa fún wa.

Olùkọ́Ìtàn_Ìbàdàn (6 Oṣù Kejìlá)

Ọmọ Àgbádárìgì, ìbínú yín tọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká to ìtàn náà bó ṣe rí, nítorí àwọn ọmọ Ìyá Ìbejì máa bi í ní ìbéèrè.

Ọkọ̀ Liverpool kì í sábà kó ẹrú wá sí Liverpool. Aṣọ, ìbọn, irin àti ọtí ni wọ́n ń kó kúrò ní Mersey wá sí etíkun wa. Wọ́n á fi pàṣípààrọ̀ ènìyàn. Wọ́n á kó àwọn ènìyàn náà gba orí òkun lọ sí Jàmáíkà, Barbados àti Amẹ́ríkà. Ṣúgà, tábà àti òwú ni wọ́n á wá kó padà sílé. Nípa bẹ́ẹ̀, ará Liverpool lè di olówó lórí òwò náà láìfi ojú kan ẹrú rí. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn ni àwọn ọkọ̀ ìlú yẹn kó sọdá.

Èkejì: Bonny àti Calabar ni àwọn oníṣòwò Liverpool fi ṣe ojúlé jù. Kò yani lẹ́nu, Adùnní, pé agboolé Ìgbò lẹ rí níbẹ̀. Àwọn ni ọkọ̀ Liverpool kó jù lọ́dọ̀ wa. Àwa Yorùbá, ìgbà tí Ọ̀yọ́ fọ́ tí ogun sì bo ilẹ̀ ni tiwa pọ̀ jù, lẹ́yìn 1807, nígbà tí òfin ti ká àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò. Ọkọ̀ Potogí, ti Brazil àti ti àwọn Sípéènì tó ń lọ Cuba ló kó wa. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé Bahia àti Havana ni wọ́n ti ń bọ Ṣàngó di òní, tí ẹ kò sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní Jàmáíkà. Àjàyí Crowther, 1821 ni wọ́n mú un ní Òṣogùn. Ọkọ̀ Potogí ni wọ́n tà á sí ní Èkó, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà ní 1822 tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ìjọba tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ṣáájú ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tirẹ̀ ṣì ń kó ẹrú ló wá ń gbà wọ́n sílẹ̀. Ìbéèrè tó lè gba odindi ìrọ̀lẹ́ lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́tàlá nìyẹn.

ỌmọÀgbádárìgì (6 Oṣù Kejìlá)

Olùkọ́, mo gbọ́. Àmọ́ ẹ fi kún un pé Sẹ̀ríkí Abass tí mo dárúkọ, ẹrú ni òun náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú un lọ́mọdé, ó dé Brazil, ó padà wálé, ó wá di ẹni tó ń ta ènìyàn. Ogójì yàrá ló wà nínú ilé tí wọ́n ń kó wọn sí, fífẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan kò ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ilé náà fúnra wọn ló máa mú yín yípo, wọn kò sì fi bò. Ẹ sọ fún mi, ṣé ẹnì kan tí bàbá ńlá rẹ̀ ní ọkọ̀ ẹrú dúró lẹ́nu ọ̀nà mùsíọ́mù Liverpool tó ń sọ ti bàbá ńlá rẹ̀ fún àlejò? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dé.

Adùnní_L8 (6 Oṣù Kejìlá)

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Wọ́n kọ orúkọ àwọn oníṣòwò ẹrú síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àwọn òpópónà tí wọ́n fi sọrí wọn hàn. Ìgbìmọ̀ ìlú tọrọ àforíjì ní oṣù kejìlá 1999. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé “bàbá ńlá mi ni”, mi ò rí i rí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún ìrìn yín. Ẹ rìn sápá gúúsù díẹ̀ láti Albert Dock, ẹ ó dé Queen's Dock. Ní oṣù kẹfà 1919 ni èrò lé ọmọkùnrin atukọ̀ dúdú kan, Charles Wootton, débẹ̀, tó kú sínú omi. Wọn kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn atukọ̀ dúdú ti ń gbé ìlú yìí tipẹ́ ṣáájú ọkọ̀ òfuurufú àti físà. Owó tí wọ́n ń gbà kéré sí ti funfun lórí ọkọ̀ kan náà. Àdúgbò tí mò ń gbé, àwọn ọmọ ọmọ wọn ló kún inú rẹ̀.

Alábòójútó (6 Oṣù Kejìlá)

Mo yọ ọ̀rọ̀ méjì tó kún fún èébú kúrò. Ẹ máa bá ìjíròrò lọ ní pẹ̀lẹ́.

BàbáAureol (8 Oṣù Kejìlá)

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń pe ọ̀rọ̀ fún un. Ó ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi létí. Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kó sọdá òkun. Èmi fẹ́ sọ nípa àwa tí a wọ kóòtù, tí a de táì, tí a san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní 1959 mo wọ ọkọ̀ Aureol ní Àpápá. Ọkọ̀ funfun ni, ó tóbi ju ohunkóhun tí ojú mi ti rí lọ. Ìyá mi, àwọn ìyàwó bàbá mi àti ẹgbẹ́ ọlọ́mọge ìjọ wa, gbogbo wọn ló sìn mí dé wọ́ọ̀fù. Gààrí, ẹ̀gúsí àti aṣọ òkè wà nínú pọtimáńtò mi, ìwé Bíbélì wà lórí wọn. Nígbà tí ọkọ̀ fun fèrè, ìyá mi kò sunkún. Ó kàn ń tún gèlè rẹ̀ wé léraléra ni.

A dúró ní Takoradi. A dúró ní Freetown, níbi tí wọ́n ti fi òkè kan hàn wá tó ń jẹ́ Mount Aureol, pé láti ara rẹ̀ ni ọkọ̀ wa ti gba orúkọ. Òkè yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay wà. Mo rántí arúgbó kan níbẹ̀ tó kí mi ní “ẹ kú” bí ará ilé, tó sì jẹ́ pé àwọn òbí òbí rẹ̀ ló ti ilẹ̀ wa dé ibẹ̀ nínú ọkọ̀ irú èyí tí Olùkọ́ sọ. A kan Las Palmas, a ra ọsàn. Lẹ́yìn náà ni a dé ibi tí wọ́n ń pè ní Bay of Biscay, mo sì fi orí mi sílẹ̀ fún ikú. Àwo oúnjẹ ń sáré lórí tábìlì. Ẹnì kan tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ka Sáàmù sókè, ẹlòmíràn ní kó jọ̀ọ́ kó máa kà á sínú.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo rẹ̀. Òwúrọ̀ ni a wọ Mersey. Mo rí Liver Building pẹ̀lú àwọn ẹyẹ méjì orí rẹ̀ nínú kùrukùru, mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní Princes Landing Stage la ti bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń dúró dè wá lẹ́bàá omi níbẹ̀, ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní Riverside, ó gbé wa lọ tààrà sí Euston ní London. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo lò nínú ìlú Liverpool, àmọ́ òun ni ilẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí mùsíọ́mù yẹn, ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n sọ̀rọ̀ tiwa níbẹ̀.

Káyọ̀dé_Birkenhead (8 Oṣù Kejìlá)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí ìyàwó mi létí.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ń dùn mí lọ́kàn dá yín lóhùn. Nínú mùsíọ́mù yẹn, Titanic ní gbọ̀ngàn tirẹ̀. Àwòṣe rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó kàn án fọwọ́ ara wọn ṣe wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, àwọn èrò kì í yé yí i ká. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Orúkọ Liverpool ni wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀ yẹn, ibi tí olú ilé iṣẹ́ White Star tó ni ín wà nìyẹn, ní James Street. Ṣùgbọ́n Titanic kò wọ èbúté Liverpool rí! Belfast ni wọ́n ti kàn án, ó gba Southampton lọ, ó rì ní oṣù kẹrin 1912, ó parí. Aureol wá bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Mersey àti Èkó títí di 1972, kí wọ́n tó gbé ibùdó rẹ̀ lọ sí Southampton, tó sì ṣíwọ́ ní 1974. Ọ̀pọ̀ dókítà, lọ́yà, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà tó kọ́kọ́ darí Nàìjíríà ló ti gun ọkọ̀ Elder Dempster, ilé iṣẹ́ tó ni Aureol. Ohun tí èmi rí nípa wọn níbẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Titanic tó jẹ́ pé ìròyìn rẹ̀ nìkan ló dé ìlú náà.

Ìyẹn ló ń bí mi nínú ju ilé kọfí lọ. Bí ọmọ wa bá wọ ibẹ̀, àjà kẹta ló máa rí ara rẹ̀, nínú ẹ̀wọ̀n. Àjà tó kù, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni. Òkun kan náà ló gbé Bàbá wá pẹ̀lú Bíbélì àti gààrí. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i padà ní 2028, mo fẹ́ rí pọtimáńtò nínú gíláàsì níbẹ̀.

Olùkọ́Ìtàn_Ìbàdàn (9 Oṣù Kejìlá)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé sọ òótọ́, ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn ba Èkó jẹ́. Ní 1852 ni African Steam Ship Company bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà àti ẹrù wá sí etíkun wa. Elder Dempster ló gbé ilé iṣẹ́ yẹn mì níkẹyìn, Alfred Jones ló sì ń darí rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló wà nídìí báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, èyí tó di First Bank tí ọ̀pọ̀ wa ń tò sí lónìí. Òun náà ló dá ilé ẹ̀kọ́ ìwòsàn àrùn ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ ní Liverpool ní 1898, nítorí ibà ń pa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí eṣinṣin. Ó sì tún jẹ́ aṣojú Kóńgò ti Ọba Leopold ilẹ̀ Belgium ní ìlú yẹn.

Ibi tó dùn nínú ìtàn náà rèé. Akọ̀wé kan wà ní ọ́fíìsì Elder Dempster, E. D. Morel. Ìwé ẹrù ọkọ̀ ló ń yẹ̀ wò. Ó rí i pé rọ́bà àti eyín erin ń ti Kóńgò bọ̀ rẹpẹtẹ, ìbọn àti ọta ni ó pọ̀ jù nínú ohun tó ń padà lọ, kò sí ọjà tí wọ́n fi ń san owó. Ó mọ̀ lọ́gán pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n ń fi àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ tó gbógun ti Leopold sílẹ̀ ní 1904. Ìwé ẹrù ọkọ̀ lásán o! Ère ìrántí Jones wà ní Pier Head, kò jìnnà sí mùsíọ́mù. Ẹ mú àwọn ọmọ débẹ̀, kí ẹ sì sọ ti Morel fún wọn.

Tọ́pẹ́Tẹkí (9 Oṣù Kejìlá)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làákàyè. Fún ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀ kí wọ́n tó tì í: Museum of Liverpool ní Pier Head wà ní ṣíṣí, ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ̀ Mersey Ferry wà, owó ni wọ́n ń gbà. Bí ẹ bá sọdá sí Wirral, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Port Sunlight, ìlú tí Lever kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọṣẹ rẹ̀ láti 1888. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ wa ló wà nínú ọṣẹ yẹn. Ìyá ìyá mi la ẹ̀kùrọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi le, ó ra Sunlight lọ́jà, kò mọ̀ pé òun ń ra iṣẹ́ ọwọ́ òun padà ni. Àwọn ilé ibẹ̀ rẹwà, mi ò ní purọ́.

ÌyáÌbejì_Salford (15 Oṣù Kejìlá)

Ẹ káàárọ̀ o. A lọ lánàá. Ọkọ mi náà bá wa lọ, òun tó ń sọ̀rọ̀ Trafford Centre ni a ò rí fà kúrò nídìí àwọn àwòṣe ọkọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ mi, fàyàwọ́ ni gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Ó bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé bí ènìyàn bá fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀wà ńkọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo fi bàbá rẹ̀ tì í nígbà tí èmi àti àwọn ìbejì gòkè. Níwájú àwòrán Brookes, Táíwò bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ́ wọn, ó ń kà. Kẹ́hìndé ní kó jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ó ní rárá. Mo ní ṣé o fẹ́ mọ̀ bóyá ó pé ni? Ó ní kò sẹ́ni tó kà wọ́n bí ènìyàn, òun fẹ́ kà wọ́n. Mi ò rí nǹkan sọ. A dúró tì í, àwọn èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá.

Kẹ́hìndé, tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo kà sí wọn létí nínú ọkọ̀ ojú irin, ó wá ń wá Aureol káàkiri. Nígbà tí kò rí i tó bó ṣe fẹ́, ó ní kí n fún òun ní owó fóònù kí òun kọ lẹ́tà sí wọn. Mo ní lẹ́tà kì í ná ọ lówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti kọ ọ́. Wọ́n máa rí i tí wọ́n bá dé ọ́fíìsì lọ́la.

Ní báyìí, ìbéèrè tuntun: bàbá bàbá mi náà gba ọkọ̀ wá, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé ní London ní nǹkan bí 1956 tàbí 1957, ó padà sí Abẹ́òkúta, ó kú kí wọ́n tó bí mi. Kò sí fọ́tò, kò sí lẹ́tà. Ǹjẹ́ ibì kan wà tí orúkọ rẹ̀ lè wà?

Adùnní_L8 (15 Oṣù Kejìlá)

Ìyá Ìbejì, ó wà. Iṣẹ́ láíbìrì ni mo ń ṣe, ojoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn ará Ireland wá irú rẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú ìwé orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ tó ń wọlé láti 1878 títí di 1960. Ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew ló wà, ohun tí wọ́n ń pè é ni BT 26. Àwọn tó ń jáde kúrò nílùú wà nínú BT 27. Wọ́n ti gbé àwọn méjèèjì sórí Ancestry, ojúlé ìwádìí ìtàn ẹbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Ọ̀pọ̀ láíbìrì ìlú ló ní Ancestry lórí kọ̀ǹpútà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ bi wọ́n ní Salford.

Orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, orúkọ ọkọ̀ àti àdírẹ́sì ibi tó ń lọ gbé ní ìlú òyìnbó, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì yẹn wúlò gan-an, torí ọ̀pọ̀ ni kò mọ ilé tí bàbá wọn kọ́kọ́ sùn sí.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: ẹ má kàn tẹ orúkọ kí ẹ sì sọ pé kò sí. Akọ̀wé tó kọ ọ́ kò gbọ́ Yorùbá, ẹni tó wá tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ọ rárá. Mo ti rí Ògúnbíyìí tí wọ́n kọ bí orúkọ ará Scotland. Orúkọ ọkọ̀ àti oṣù ni kí ẹ fi wá a. Ẹ wo Aureol, ẹ wo Apapa, ẹ wo Accra, ẹ sì ka ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ fúnra yín.

BàbáAureol (16 Oṣù Kejìlá)

Adùnní, ọmọ mi, ìyẹn ni pé tèmi náà wà níbẹ̀?

Adùnní_L8 (16 Oṣù Kejìlá)

Bàbá, 1959 wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ní kí ọmọ ọmọ yín fi orúkọ àti oṣù tí ẹ dé ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ fi ti bàbá bàbá yín náà ránṣẹ́, kí n jọ wò ó pọ̀. Bí àwọn ìbejì bá fẹ́ wá jókòó tì mí kí wọ́n fúnra wọn wá a, àga wà.